Ìtọ́jú Ìyá Ológbò Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bímọ

Ẹ̀yin àgbẹ̀, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tọ́jú àgbàdo, ẹ̀wà àti èlùbọ́ sínú ilé de ọjọ́ ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìwé pọ̀ tí a ti kọ lórí ewúrẹ́, àgùtàn àti adìẹ, nítorí pé ohun tí ènìyàn lè tà tàbí tí ó lè pa jẹ ni ojú rẹ̀ máa ń tètè rí. Ológbò kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí. A kì í kà á nígbà tí a bá ń ka ẹran ọ̀sìn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ra oúnjẹ sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkórè bá wọlé tán, tí ilé sì pa rọ́rọ́ lóru, òun nìkan ni ó ń ṣọ́ ohun tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣiṣẹ́ fún. Àwọn baba wa rí èyí kedere nígbà tí wọ́n sọ pé bí ológìnní bá re àjò, ilé di ilé èkúté.

Àkókò kan wà tí ológìnní ń re àjò láì kúrò nílé, èyí sì ni àkókò tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ so mọ́ ojú kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá bìkítà fún un nígbà náà, àwọn ọmọ yóò kú, ìyá fúnra rẹ̀ lè tẹ̀lé wọn, èkúté yóò sì jẹ́ kí olóko mọ̀ ọ́n kí ọdún tó yí po. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ìwé yìí ṣàlàyé ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, àti èyí tí kò yẹ, láti ọjọ́ ìbí títí di ọjọ́ tí àwọn ọmọ yóò fi ìyá wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ológbò tí ó bá yó kì í pa eku, nítorí náà wọ́n a máa fi ebi pa á. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ìṣọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò; ebi nìkan kọ́ ni ó ń lé e sí i. Ẹ kíyèsí i dáadáa: ológbò tí ó yó yóò pa eku, yóò fi ṣeré, yóò sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ ẹ́. Èyí tí ebi ń pa ni ó ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò àti sí ìsọ̀ alápatà, tí àká ẹni tí ó ni ín sì wà láìní olùṣọ́. Fún ẹni tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, ebi tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹnu mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ń fà á gbẹ tọ̀sán-tòru.

Ológbò a máa lóyún fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ìyẹn ọjọ́ 63 sí 65. Ọmọ mẹ́ta sí márùn-ún ni ó wọ́pọ̀ pé kí ó bí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ, èyí tí ó súnmọ́ ìwọ̀n ẹyin adìẹ méjì. Ojú rẹ̀ dì, etí rẹ̀ dì, kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ohun kan tilẹ̀ wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ọmọ náà kò lè tọ̀, kò sì lè yàgbẹ́, àfi bí ìyá rẹ̀ bá fi ahọ́n lá a nísàlẹ̀ ikùn àti ní ìdí. Ìyá ni ìgbóná ara rẹ̀, òun ni oúnjẹ rẹ̀, òun náà ni ó ń mú ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Bí ìyá náà bá ní láti rìn káàkiri ní ìdajì òru láti wá ohun tí yóò jẹ, ẹ̀yin fúnra yín mọ ohun tí ẹ ó bá nínú àpótí ní òwúrọ̀.

Ní ọjọ́ ìbí gan-an, iṣẹ́ yín kò pọ̀. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì máa wò ó láti òkèèrè. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀, ìyá a sì máa jẹ ibi náà, yóò sì gé ìwọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣe fa ìwọ́ tí ó bá ń so rọ̀ ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá lè kà á, kí ẹ kà á: ọmọ mẹ́rin, ibi mẹ́rin. Ibi tí ó bá kù sínú lè jẹrà, kí ó sì mú ibà wá. Bí ìyá bá ń rọbí kíkankíkan tó ìdajì wákàtí tí ọmọ kò sì jáde, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ilé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá jáde tán, ẹ wò ó bóyá olúkúlùkù ti mú ọmú. Wàrà àkọ́kọ́ kì í ṣe oúnjẹ lásán. Inú rẹ̀ ni ààbò sí àìsàn wà, tí ara ìyá ti pèsè sílẹ̀. Láàrin nǹkan bí wákàtí 16 sí 18 àkọ́kọ́ nìkan ni ìfun ọmọ náà lè gba ààbò yìí sínú ẹ̀jẹ̀; lẹ́yìn èyí, ilẹ̀kùn ti ti. Èyí tí ó bá kéré jù, tí àwọn yòókù sì ń tì sẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ mímọ́ gbé e sí ìdí ọmú tí ó kún. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti tutù bí omi àmù, ẹ má ṣe fún un ní ohunkóhun lẹ́nu, nítorí pé inú tí ó tutù kò lè da oúnjẹ. Kí ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ ní àyà yín, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ tí a fi aṣọ wé, kí ẹ tó dá a padà sí ọmú.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibùsùn. Àpótí tàbí páálí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó kí àwọn ọmọ má lè yí jáde ni ó dára, kí ó sì wà ní igun tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, tí ọmọdé àti ajá kì í gbà kọjá. Ẹ má ṣe gbé e sórí sìmẹ́ńtì lásán, nítorí pé òtútù sìmẹ́ńtì ní àkókò ọyẹ́ lè pa ọmọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi pátákó sí abẹ́ rẹ̀. Àpò kòkó tí ó mọ́ dára fún ìtẹ́dìí, kí a sì tẹ́ aṣọ ògbólógbòó lé e, èyí tí a ó máa pààrọ̀ nígbà tí ó bá tutù. Ṣùgbọ́n àpò tí a ti fi ru oògùn kòkó tàbí ajílẹ̀ rí, ẹ má ṣe lò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti fọ̀ ọ́.

Ọ̀tá tí ó burú jù lọ fún ọmọ ológbò ní abà wa ni ìjàlọ. Ní àkókò òjò, bí wọ́n bá wọlé lóru, wọn kì í fi ohun tí kò lè sá lọ sílẹ̀. Ìyá yóò gbìyànjú láti gbé ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni ó ní. Nítorí náà, bí ilé yín bá wà ní ẹ̀gbẹ́ igbó, ẹ gbé àpótí náà ka orí tábìlì kúkúrú, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo tí omi wà nínú rẹ̀. Kí ẹ fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àtẹ̀gùn fún ìyá ní ọ̀sán, kí ẹ sì yọ ọ́ ní alẹ́. Òun lè fò sókè sódò láìsí i. A kò fẹ́ kí ẹ da kẹrosíìnì yí ibẹ̀ ká. Bí ó bá kan ẹsẹ̀ ìyá, yóò fi ahọ́n lá a, yóò sì di májèlé ní inú rẹ̀.

Ó wọ́pọ̀ pé kí ìyá kó ọmọ rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, pàápàá bí àwọn ènìyàn bá ń wá wo ọmọ ní gbogbo ìgbà. Kì í ṣe àmì búburú. Ẹ̀rù ni ó bà á, tàbí ibùsùn ti dọ̀tí, tàbí akọ ológbò kan ń rìn yíká. Nítorí pé akọ mìíràn a máa pa ọmọ. Ẹ má ṣe sáré tẹ̀lé e, ẹ má sì ṣe kó wọn padà ní tipátipá. Kí ẹ wá ohun tí ó lé e, kí ẹ sì mú un kúrò. Wọ́n a máa sọ pé bí ọwọ́ ènìyàn bá kan ọmọ, ìyá yóò kọ̀ ọ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ológbò tí ó mọ ará ilé. Ohun tí ó ń dà á láàmú ni ariwo àti ojú púpọ̀.

Bí ìyá bá jẹ ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ọmọ tí ó ti kú tàbí tí ó ń ṣàìsàn ni ó sábà máa ń jẹ, tàbí kí ìpayà tí ó pọ̀ jù sún un dé ibẹ̀. Bákan náà ni ti ọmọ dúdú tí àwọn kan ń jù nù nítorí ìbẹ̀rù àjẹ́: irun bàbá àti irun ìyá ni ó bí dúdú, a kò sì mọ ohun mìíràn tí ó ń sọ fún wa. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ọmọ lọ jù sínú odò ní ọjọ́ ìbí náà kò rí ohun tí ó ń wá. Ọmú ìyá yóò kún, yóò le, yóò máa dùn ún. Láìpẹ́, ara rẹ̀ yóò tún máa wá akọ, ọmọ mìíràn yóò sì dé kí oṣù mẹ́rin tó kọjá.

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ìwé yìí ti fẹ́ dúró pẹ́, ìyẹn oúnjẹ. Bí ìyá bá ti ń jẹ ẹja kékeré kan lójúmọ́ kí ó tó lóyún, kí ẹ fún un ní méjì ní ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́yìn ìbí, kí ó sì tó mẹ́ta nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, nítorí pé ìgbà náà ni wàrà pọ̀ jù lọ. Kí a pín in sí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Ikùn ológbò kéré, kò lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n. Àwo amọ̀ tí ó fẹjú ni kí ẹ bù ú sí, kí ó súnmọ́ àpótí, ṣùgbọ́n kí ó má súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ lè ṣubú sínú rẹ̀. Láìsí omi, wàrà yóò gbẹ, bí ó tilẹ̀ wù kí oúnjẹ pọ̀ tó.

Irú oúnjẹ wo? Níhìn-ín ni àwọn ará ilé ti sábà máa ń ṣìnà, nítorí pé wọ́n rò pé ohun tí ajá lè jẹ, ológbò náà lè jẹ ẹ́. Ajá lè jẹ ẹ̀bà àti àmàlà kí ó sì wà láàyè. Ológbò kò lè wà bẹ́ẹ̀. Ẹran àti ẹja ni a dá a láti jẹ. Èròjà kan wà tí a ń pè ní táúrínì, inú ẹran àti ẹja ni ó wà, kò sí nínú iṣu, kò sí nínú àgbàdo, ara ológbò kò sì lè ṣe é tó fún ara rẹ̀. Ní ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé ológbò tí kò bá rí i jẹ yóò fọ́jú. Ní ọdún 1987 ni wọ́n tún fi hàn pé àìní rẹ̀ a máa sọ ọkàn ológbò di aláìlágbára títí yóò fi kú. Aboyún ológbò tí kò rí i jẹ a máa pàdánù oyún, tàbí kí ó bí ọmọ tí kò lágbára.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú, nítorí pé ó kan ilé wa. A mọ̀ pé epo pupa dára fún ojú àwọn ọmọ wa, nítorí pé ara ènìyàn a máa sọ èròjà pupa inú rẹ̀ di fítámì A. Ara ológbò kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá da epo pupa sí oúnjẹ rẹ̀ títí di ọ̀la, fítámì náà kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ẹran ni ó ti ń rí i. Ègé ẹ̀dọ̀ kékeré kan, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó fún un; ẹ má ṣe fún un lójoojúmọ́, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ a máa ba egungun jẹ́.

A kò sọ pé kí ẹ máa ra ẹran pọ́nńbélé fún ológbò nígbà tí àwọn ọmọ yín kò tíì jẹ ẹ́. Orí ẹja, ìfun adìẹ tí a tú tí a sì fọ̀, fùkù ẹran, edé, àti ẹyin tí a sè dára fún un. Ẹja sáwá gbígbẹ dára púpọ̀, bí a bá kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi kí iyọ̀ rẹ̀ lè jáde, kí a sì sè é títí egungun rẹ̀ yóò fi rọ̀. Egungun rírọ̀ yìí ni yóò fún un ní èròjà kálísíọ́mù tí wàrà ń fà lára rẹ̀. Ẹ lè po ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì rírọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kí ẹ se ẹja tútù kí ẹ tó fún un, nítorí pé irú ẹja mìíràn ní ohun kan nínú tí ń ba fítámì jẹ́, iná ni ó sì ń pa á. Àlùbọ́sà kò gbọdọ̀ dé inú àwo rẹ̀. A máa ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Nítorí náà, ọbẹ̀ àjẹkù kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Egungun adìẹ tí a ti sè a máa fọ́ ṣọ́ṣọ́rọ́, a sì máa gún ìfun. Wàrà inú agolo, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣe ìkẹ́ fún ìyá ọmọ, a máa mú ìgbẹ́ gbuuru wá fún ọ̀pọ̀ ológbò tí ó ti dàgbà, ìgbẹ́ gbuuru a sì máa gba omi tí ì bá di wàrà. Ẹ fi owó ẹja kékeré méjì wé iye kóńgò àgbàdo tí èkúté ń sọ di ìyẹ̀fun lóṣooṣù, kí ẹ sì ṣe ìṣirò náà fúnra yín.

Bí oúnjẹ ti tó, àìsàn yóò dínkù, ṣùgbọ́n kò lè tán pátápátá. Ẹ máa wo ìyá náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Omi pupa tàbí èyí tí ó dúdú díẹ̀ tí ń jáde ní ìdí rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Yóò máa dínkù títí yóò fi tán ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rùn, bí ó bá dà bí ọyún, bí ìyá kò bá jẹun mọ́ tí ó sì kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ rẹ̀, ilé ọmọ rẹ̀ ti ń kẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ kan ọmú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmú tí ó le bí òkúta, tí ó gbóná, tí ó pọ́n tàbí tí ó ti ń dúdú, tí wàrà rẹ̀ sì dà bí ọyún tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ń fẹ́ oògùn dókítà kí ó tó bẹ́. Ooru ara ológbò tí ó sàn wà ní nǹkan bí 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Selsiọ́ọ̀sì; ó gbóná ju ti ènìyàn lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ibà ni kìkì nítorí pé ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Èyí tí ó léwu jù lọ ni gìrì àwọn tí ń fún ọmọ lọ́mú. Láàrin ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹrin ni ó sábà máa ń dé, pàápàá sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ pọ̀. Wàrà ti fa kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ ju bí ara ti lè dá a padà. Ní àkọ́kọ́, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́. Yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò le bí igi nígbà tí ó bá ń rìn, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni gìrì yóò gbé e lulẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ di ọ̀la. Ó lè kú kí wákàtí púpọ̀ tó kọjá. Ẹ gbé àwọn ọmọ kúrò lọ́mú lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé ìyá lọ síbi tí dókítà ẹranko yóò ti fún un ní abẹ́rẹ́ kálísíọ́mù sínú iṣan díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da àgbo sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe da ìtọ̀ màlúù tí a ń fi sí gìrì ọmọdé láyé àtijọ́ sí i. Ohun tí a bá dà sí ẹnu ẹni tí gìrì mú, ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń lọ. Inú mi a máa dùn nígbà tí mo bá rí ìyá ológbò tí ó dìde lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yìí, nítorí pé ìwòsàn rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó gbé e wá kì í fẹ́ gbàgbọ́.

Àwọn ilé ìwòsàn ẹranko ìjọba wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá wa. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ọ̀kan, Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta sì ní tirẹ̀. Ẹ wádìí èyí tí ó súnmọ́ yín kí ọjọ́ àìsàn tó dé. Títí ẹ ó fi dé ibẹ̀, ẹ má ṣe fún ológbò ní oògùn ènìyàn. Paracetamol tí a ń lò fún ẹ̀fọ́rí, ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á. Bákan náà, oògùn tí a ń fi pa eégbọn lára ajá lè pa ìyá àti ọmọ. Eégbọn ara ọmọ ológbò, òòyà tí eyín rẹ̀ há ni kí ẹ fi yọ ọ́.

Bí ìyá bá kú, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni láti wá ìyá ológbò mìíràn tí ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ fi aṣọ tí ó ń sùn lé pa àwọn ọmọ òrukàn náà lára kí òórùn wọn lè bá ti ọmọ tirẹ̀ mu, kí ẹ sì kó wọn sí ìdí ọmú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń tòògbé. Bí kò bá sí irú ìyá bẹ́ẹ̀, wàrà tí a pèsè fún ọmọ ológbò wà lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹranko. Ikùn ni kí ọmọ náà dùbúlẹ̀ lé nígbà tí a bá ń fún un, kì í ṣe ẹ̀yìn bí ọmọ ènìyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi òwú tí a rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ nu ìdí rẹ̀ bí ahọ́n ìyá ti ń ṣe, kí ó lè tọ̀.

Ọmọ tí ó ń rí wàrà mu yóò wúwo ní ìlọ́po méjì kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Ojú rẹ̀ yóò là láàrin ọjọ́ 7 sí 14. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta yóò máa tàgétàgé rìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ lè gbé ẹja tí a sè tí a sì lọ̀ kúnná sí i níwájú. Aràn a máa bá wàrà ìyá wọ inú ọmọ, nítorí náà kí ẹ béèrè oògùn aràn lọ́wọ́ dókítà láti ọ̀sẹ̀ kẹta, fún ìyá àti ọmọ pọ̀.

Ní àkókò yìí kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Ìyá yóò kọ́kọ́ gbé òkú eku wá fún wọn, yóò sì jẹ ẹ́ níṣojú wọn. Lẹ́yìn èyí, yóò gbé èyí tí ó ṣì ń mí wá, yóò tú u sílẹ̀, yóò sì jókòó máa wo bí wọn ó ti mú un. Èmi tí a kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì rí olùkọ́ tí ó ní sùúrù jù ú lọ. Ẹni tí ó bá já ọmọ gbà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nítorí pé ẹnìkan ní ọjà ń fẹ́ rà á, ti yọ ọ́ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó mọ A, B, D. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kí ó kéré jù lọ.

Ṣùgbọ́n eku tí ìyá ń gbé wọlé yìí béèrè ìṣọ́ra lọ́wọ́ yín. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ìhà Àríwá-Ìlà-Oòrùn, ara èkúté ni ó ti ń wá, ó sì ti pa ènìyàn púpọ̀ ní ìhà Ọ̀wọ̀ àti ní àwọn ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kó òkú eku; ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀. Ológbò nínú ilé kò sì sọ pé kí a ṣí gààrí àti èlùbọ́ sílẹ̀ láìbò. Bákan náà, ẹ má ṣe da oògùn eku sínú ilé tí ìyá ológbò wà, nítorí pé eku tí ó jẹ májèlé ni ó rọrùn jù láti mú, òun ni yóò sì gbé wá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń dà sí ẹ̀wà náà a máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ yìí ni yóò sì fi ahọ́n lá. Ìgbẹ́ ológbò, kí a kó o lójoojúmọ́, nítorí pé kòkòrò àìsàn tí ó lè wà nínú rẹ̀ kì í ran ènìyàn títí ọjọ́ kan yóò fi kọjá, ó kéré tán. Kí aboyún má ṣe fi ọwọ́ kàn án, nítorí pé àìsàn yìí a máa ba ọmọ inú jẹ́.

Kí ọmọ tó kúrò lọ́mú ni ara ìyá ti lè máa wá akọ padà. Ẹ má ṣe gbà pé fífún ọmọ lọ́mú yóò dí oyún lọ́nà. Ìyá tí ó bá tún lóyún nígbà tí ara rẹ̀ ti rù yóò bí ọmọ tí kò níláárí, nítorí náà kí ẹ dá a dúró sínú ilé lálẹ́, kí ẹ sì bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí ó bímọ mọ́. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í mú kí ó gbàgbé bí a ti ń pa eku. Akọ ilé yín, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Yóò dẹ́kun rírìn kiri àti ìjà òru.

Nígbà tí ó bá tó àkókò láti fi àwọn ọmọ fún àwọn tí ó fẹ́ wọn, kí ẹ má ṣe kó gbogbo wọn lọ ní ọjọ́ kan, nítorí ọmú ìyá. Kí ọ̀kan lọ lónìí, kí òmíràn lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì dín oúnjẹ ìyá kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Wàrà yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tí ó bá gbà á pé kí ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta. Kí ẹ sì gé díẹ̀ nínú aṣọ ibùsùn wọn fún un pẹ̀lú ọmọ náà, láì fọ̀ ọ́, nítorí pé òórùn ìyá rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ó sùn ní òru àkọ́kọ́.